Ta Ló Kọ́kọ́ Fọwọ́ Síwèé?

Iyán ni Tísà Mùyìbátù ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Alhaji Ràmọ́nì wá sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí òkèlè há a lọ́fun. Alhaji kò tilẹ̀ jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tísà, mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí Òfì kò bá gba ife lọ́dún yìí, n ó tà á fún àwọn ará Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ mí."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Òfì tí Alhaji ń wí kì í ṣe òfì tí àwọn ará Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ. Orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni, ẹgbẹ́ básíkẹ́tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Alhaji tó ń ra kajú ní Ìjió ló dá a sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ra ilẹ̀, ó da sìmẹ́ńtì, ó gba àyè fún wọn nínú líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Lọ́dún kìn-ín-ní, Òfì ló gbẹ̀yìn. Lọ́dún kejì, Òfì náà ló tún gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí ipò má baà ṣófo.

Tísà Mùyìbátù sì rèé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré ìdárayá kó tó fẹ̀yìn tì. Ara igi máńgòrò ló kan àwọ̀n básíkẹ́tì mọ́. Ọmọ tó bá jù ú tí kò bá wọlé, máńgòrò ni yóò já lù ú lórí. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹyọ ọmọ kan tó fi básíkẹ́tì ra bàtà. Nígbà tí Alhaji wá ní kó wá máa ṣe alákòóso Òfì, kó máa ṣa agbábọ́ọ̀lù jọ, kó sì máa kọ́ wọn, ó sunkún ní gbangba pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Fèrè yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń fọn ọ́n sí ewúrẹ́, ó máa ń fọn ọ́n sí ọlọ́kadà, àní lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọn ọ́n sí lèmọ́mù tí wáàsí rẹ̀ gùn jù. Ẹni tó bá gbé Òfì lọ sí Ìbàdàn, ìfun Tísà ló gbé lọ.

Ó gbé òkèlè náà mì tipátipá. Ó ní, "Alhaji, ẹ fún mi láyè kí n ṣa àwọn mìíràn jọ."

"Ẹ ṣa ẹni tó bá wù yín. Ife ni mo fẹ́ fojú mi rí."

Tísà gbéra. Ó rí Adégbénga lóko ọkà bàbà, níbi tó ti ń ju òkò lé ẹyẹ. Ẹyẹ tí Adégbénga bá ti fojú sùn, kí wọ́n máa gbé omi ọbẹ̀ kaná ni. Ó rí Akínkúnlé ní Adó-Àwáyè, ẹni tó ń ru omi tútù gun òkè lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ fún àwọn àlejò tó ń wá wo adágún, tí kì í mí hẹlẹ. Ó rí Muhydeen ní Ṣakí, tó ń ju àpò gààrí sókè ọkọ̀ bí ẹni ń ju ìrọ̀rí. Ó wá ku ẹni méjì péré: ẹni tí yóò máa pín bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, àti òpó àárín, ẹni gíga tó ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, tí àwọn eléré básíkẹ́tì ń pè ní sẹ́ńtà.

Sẹ́ńtà yìí ló kó bá Tísà. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, ó ní kí wọ́n bá òun kéde pé Òfì ń wá sẹ́ńtà tó dára, tó ga, tó sì lágbára, kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Háà! Ẹ wo èrò lọ́jọ́ Ajé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ẹni mẹ́fà ní sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn, ẹni mẹ́rin ní sẹ́ńtà tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, ẹnì kan ní sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó.

Ọ̀kan ní, "Mà, sẹ́ńtà tèmi lágbára o. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló ní."

Òmíràn ní, "Kí ni gíga wá bá dé? Ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tèmi, àmọ́ mo lè kọ́ òkè sí i."

Tísà fọn fèrè, gbogbo wọn dákẹ́. Ibi tó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bínú, ènìyàn ni òun ń wá, kì í ṣe ilé, ni ẹnì kejìlá ti wọlé. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, orí rẹ̀ tẹ̀ lé e lábẹ́ àtẹ́rígbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá dé kẹ́yìn.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Samsudeen lorúkọ mi. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá sẹ́ńtà. Tèmi wà ní Àgọ́-Àrẹ, ó gba ọgọ́ta àga."

Tísà ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ nàró."

"Mo ti nàró tán mà. Àjà yín ló dá mi dúró."

"Ẹ ti gbá básíkẹ́tì rí?"

"Ọdún mẹ́rin nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Àmọ́ mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì báyìí, mà."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ọ̀kan dáa."

Tísà ní ọ̀kan náà tó. Samsudeen rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní láti bí ọdún mẹ́wàá ni òun ti ń fún ènìyàn ní àga kí wọ́n lè jókòó wo àwọn tó ń ṣeré, ó sì ti sú òun. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fọwọ́ síwèé.

Ẹni tí yóò máa pín bọ́ọ̀lù, ìdí òfì gidi ni Tísà ti rí i. Ó ń kọjá lágbo àwọn ahunṣọ nígbà tí ẹnì kan láti ìkángun béèrè òwú. Ọmọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Ìbùkúnọlá kò gbójú sókè. Ó kàn mú ìdì òwú, ó fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ gba àárín òfì mẹ́ta, ó bọ́ sórí itan ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́kẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ ń ti igi tó ń gbé òwú kọjá, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ti ènìyàn kan náà. Tísà gbá àyà mú. Ó ní, "Ọlọ́run ọba, ṣé ojú mi rèé?"

Ìyá bàbá Ìbùkúnọlá, Màmá Àwáwù, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ló fúnra rẹ̀ mú un wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Samsudeen ni wọ́n bá níbẹ̀, tó ń pààrọ̀ gílóòbù àjà láìgun nǹkan kan. Ìbùkúnọlá dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Màmá wo Samsudeen lókè-lódò, ó ní, "Ìwọ yìí, kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ?"

"Iyán Àgọ́-Àrẹ ni, mà."

Kí Ìbùkúnọlá tó fọwọ́ síwèé, Màmá kìlọ̀ fún Tísà. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yín ba ọmọ mi jẹ́ o. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Èmi ni mo fi ọ̀já aṣọ de ọwọ́ yẹn mọ́ ọn lára fún odidi ọdún kan, títí ó fi mọ̀ pé a kì í nawọ́ òsì sí àgbà."

Tísà ní kò séwu. Kò mọ̀ pé ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Òfì bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Wọ́n nà wọ́n nílé, wọ́n nà wọ́n lájò. Alhaji Ràmọ́nì ra agbòjò tó ní àwọ̀ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdíje ṣe ń sún mọ́ ìparí, Tísà ṣàkíyèsí nǹkan kan tí kò yé e. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ òsì Ìbùkúnọlá, tí Adégbénga wà níwájú rẹ̀, fìrìì, ó ti dé. Bó bá jẹ́ Samsudeen ló wà níbẹ̀, ọmọ yìí yóò kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù náà sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò ní, "Ẹ gbà, sà." Kó tó sọ "sà" tán, ọkùnrin mẹ́ta ti yí Samsudeen ká.

Ọjọ́ ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá lọ̀rọ̀ náà wá hàn sójú ayé. "Ẹ gbà, sà" méje ni Tísà kà, méje ni wọ́n já gbà. Òkò tí Adégbénga sọ láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Èkó tí wọn yóò bá pàdé ní àṣekágbá jókòó láàárín èrò pẹ̀lú ìwé kékeré kan, ó ń kọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú Tísà bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Ó pe Ìbùkúnọlá. "Ìwọ, kí ló dé tí o kì í fi òsì ju bọ́ọ̀lù sí Samsudeen?"

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. "Tísà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí. Mi ò lè nawọ́ òsì sí wọn."

Samsudeen ní, "Bùkúnọlá, mo yọ̀ǹda. Fi ẹsẹ̀ jù ú sí mi bó bá wù ọ́. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ìkíni."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ òsì náà gbé bọ́ọ̀lù dé ìdajì, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bo ọmọ náà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní ogún ìgbà. Ìbùkúnọlá bú sẹ́kún, ó ní, "Mo ń sọ fún un, kò gbọ́. Ṣé kí n gé e ni?"

Tísà kò lè bá a wí mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó kó àwọn méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ Màmá Àwáwù. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà, títí kan pé bí Òfì kò bá gba ife, Ìbàdàn ni wọn yóò gbé ẹgbẹ́ lọ, àwọn ọmọ yìí yóò sì padà sídìí òkò jíjù àti gààrí gbígbé. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kó fún ọwọ́ òsì láṣẹ.

Màmá ta kú. "Kí èmi Àwáwù fi ẹnu ara mi sọ pé kí ọmọ mi máa nawọ́ òsì sí ẹni tó jù ú lọ? Tísà, ẹ̀yin náà bímọ. A kì í tìtorí pé a fẹ́ jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀dá, ìdí wo la ó fi wá máa tìtorí ife pe àgbà ní ọmọdé?"

Màmá ń fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó wo Samsudeen, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná. Ẹgbẹ́ yín yìí, ṣé ilé kan náà ni gbogbo yín ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Alhaji ló gba ilé fún wọn."

"Ìkòkò kan náà lẹ fi ń jẹun?"

"Ìkòkò kan náà ni, mà."

"Agboolé nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi wọ agboolé yìí ní ìyàwó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, baba wọn lọ fẹ́ Àdìjátù. Àdìjátù fi ọdún márùn-ún jù mí, ó ti nà mí rí lọ́nà odò nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ó pè mí lórúkọ títí ó fi kú. Ìyálé mi ló ń pè mí. Ọjọ́ tí èèyàn wọlé la fi ń ka àgbà lágboolé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ta ló kọ́kọ́ wọlé Òfì nínú àwọn méjèèjì? Ẹ ka ìwé yín."

Fáìlì wà nínú báàgì Tísà. Ó ṣí i. Ó rí orúkọ Samsudeen, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rí orúkọ Ìbùkúnọlá, ọjọ́ Ọjọ́rú. Ó tún un wò, bóyá yińkì yóò ṣàánú òun. Yińkì kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Obìnrin yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. Ẹgba mẹ́fà ni irọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ irọ́ tó nídìí, mẹ́ta. Ó rántí máńgòrò. Ó rántí àwọn ará Ìbàdàn. Etí rẹ̀ gbóná.

"Ìbùkúnọlá," ó ní, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé. "Ìbùkúnọlá ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, mà."

Ìbùkúnọlá la ẹnu, ó tún pa á dé. Samsudeen wo Tísà. Lọkùnrin gàgàrà yìí bá gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún tí kò dáa náà ń ké gbọ́ngbọ́n, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Ó ní, "Ẹ kúulé o, ìyálé mi."

Ìbùkúnọlá fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Màmá na ọ̀pá rẹ̀ sí i, ó ní, "Dá ìyàwó rẹ lóhùn. Ìyálé lè fi ọwọ́ tó bá wù ú na nǹkan sí ìyàwó. Ó tán."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn yòókù. Yéè! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Samsudeen ti di ìyàwó gbogbo ilé. "Ìyàwó, bá wa fa omi." "Ìyàwó, iná ti kú lábẹ́ ìkòkò." Muhydeen tilẹ̀ ní kó máa fi orin ṣàdúrà fún ìdílé ọkọ. Samsudeen ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò bínú. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀lù kan fi ọwọ́ òsì Ìbùkúnọlá sílẹ̀ fìrìì, ó bá Samsudeen ní àyà. Gbogbo wọn dúró. Samsudeen ní, "Ẹ ṣé, ìyálé mi." Tísà fọn fèrè títí èémí rẹ̀ fi tán.

Ìbàdàn ni wọ́n ti gbá àṣekágbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn tó fẹ́ ra Òfì jókòó níwájú pátá, wọ́n ti mú téèpù téló dání láti wọn aṣọ tuntun fún àwọn ọmọ. Alhaji Ràmọ́nì jókòó tì wọ́n, agbòjò wà lórí rẹ̀ nínú ilé. Ẹgbẹ́ Èkó le bí ojú ẹja. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dogun lójú pápá, wọ́n ju ara wọn sílẹ̀, wọ́n dìde, títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, tí Èkó fi àmì kan ṣáájú.

Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ òsì Ìbùkúnọlá. Samsudeen wà lábẹ́ àwọ̀n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Èkó rí i, ó pariwo, "Ọ̀tún! Ọ̀tún! Yóò pa ọwọ́ dà!" Àwọn mẹ́ta sáré lọ dúró sápá ọ̀tún, wọ́n ń dúró de "Ẹ gbà, sà."

Ọwọ́ òsì náà kò dúró. Ó sọ bọ́ọ̀lù náà gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn bí ìdì òwú, Ìbùkúnọlá sì pariwo tí gbogbo ilé fi gbọ́: "Ìyàwó, gbà!"

Samsudeen gbà. Kò tilẹ̀ fò, orúnkún wo ni yóò fi fò? Ó kàn na ọwọ́, ó gbé e sínú àwọ̀n bí ẹni gbé igbá sórí pẹpẹ. Fèrè dún. Ariwo ta. Tísà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn ará Ìbàdàn ń ká téèpù wọn. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí Alhaji pé ọ̀rọ̀ títà yẹn ńkọ́.

"Títà kí ni?" ni Alhaji wí. "Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn dorí kọ Ìsẹ́yìn. Màmá Àwáwù, tó ní òun kò ní kú kí òun tó rí i, jókòó ti Tísà lẹ́yìn. Tísà kò lè gbádùn ayọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Màmá, irọ́ ni mo kà fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ dárí jì mí. Samsudeen ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé."

Màmá ń jẹ ẹ̀pà. Ó fọ́ òmíràn. "Tísà, èmi kọ́ ni mo mú ọmọ wá sí ọ́fíìsì yín? Ta ni mo bá níbẹ̀ tó ń pààrọ̀ gílóòbù?"

Ó da èèpo ẹ̀pà síta lójú fèrèsé.

"Samsudeen mọ̀. Ó mọ ọjọ́ tí òun wọlé. Ọmọ mi náà mọ̀, ṣebí ó dọ̀bálẹ̀ fún un lójú mi?"

"Ta wá ni mo purọ́ fún, Màmá?"

Màmá ń wo iwájú, níbi tí Ìbùkúnọlá ti sùn lọ, tó gbé orí lé èjìká Samsudeen, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ife. Ojú ìyá àgbà náà kún fún omi.

Ó ní, "Ọwọ́ òsì yẹn ni. Èmi ni mo dè é nígbà tí kò tíì gbọ́n. Òun nìkan ni kò mọ̀."